Discovery ti fẹ̀yìn tì: ta ni yóò gbé e, ọwọ́ wo ni yóò sì fi gbé e?

Ọkọ̀ kan wà ní Chantilly, ní ìpínlẹ̀ Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó ti lọ sí gbalasa òfurufú tó sì padà wálé ní ìgbà 39. Discovery lorúkọ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ àlòtúnlò tí wọ́n ń pè ní space shuttle. Láti ọdún 2012 ló ti wà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú Dulles, lábẹ́ ìtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian, tí tọmọdé tàgbà ń lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Àfi ìgbà tó di oṣù keje ọdún 2025 tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí òfin ìnáwó ńlá kan. Mílíọ̀nù 85 dọ́là wà nínú òfin náà, pé kí wọ́n fi gbé ọkọ̀ kan tó ti gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú rí lọ sí Houston ní Texas, kí wọ́n sì kọ́ ilé fún un níbẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ Discovery. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́nétọ̀ Texas méjèèjì, John Cornyn àti Ted Cruz, ti sọ ọ́ ní gbangba láti oṣù kẹrin ọdún náà pé Discovery ni àwọn ń wá. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di fàákájá.

Mo ti lọ wò ó rí. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú àwòrán nìkan ló ti ń rí i á rò pé funfun báláú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ara rẹ̀ ti pọ́n, ó ti gba èéfín, ilà wà lára rẹ̀ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn níbi tí ooru ti ń fẹ́ gbà kọjá nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ tó wo abẹ́ rẹ̀, á rí i pé táìlì dúdú kéékèèké ni wọ́n tò síbẹ̀ láti imú dé ìdí, òǹkà sì wà lára wọn. Àwọn kan ti ṣì, wọ́n ti fẹ́ máa jọ eérú. Àwọn wọ̀nyẹn ti lọ, wọ́n ti bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ṣì dúdú kirikiri láàárín wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kí ọkọ̀ náà tó fẹ̀yìn tì. Smithsonian kò fọ̀ ọ́, wọn kò kùn ún lọ́dà. Bó ṣe balẹ̀ ní ọjọ́ tó balẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ka ìtàn bí ọgbọ̀n ọdún lára rẹ̀, àwọn àmì wọ̀nyí sì ni mo ń bẹ̀rù fún nínú ọ̀rọ̀ ìkólọ yìí.

Kí Discovery àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo rọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá ní ọdún 1969 ga tó ilé alájà mẹ́rìndínlógójì, síbẹ̀ kò sí ohun tó padà wálé nínú rẹ̀ ju yàrá kékeré tí èèyàn mẹ́ta jókòó sí. Ìyókù bọ́ sómi, jóná, tàbí kó wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí ètò tuntun ní oṣù kìíní ọdún 1972, ohun tí NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò òfurufú ní Amẹ́ríkà, ṣèlérí ni ọkọ̀ àlòtúnlò, tí yóò gbéra bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì balẹ̀ bíi ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lè lọ ní ìgbà 100. Ọkọ̀ márùn-ún ló fò lọ sókè: Columbia, Challenger, Discovery, Atlantis àti Endeavour. Láàárín ọdún 1981 sí 2011, gbogbo wọn pa pọ̀ lọ ní ìgbà 135. Discovery tó lọ jù kò dé ìdajì ọgọ́rùn-ún.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá padà dé. Bí awakọ̀ bá ti Ìbàdàn dé, yóò ra epo, yóò yẹ omi àti ọ́ìlì wò, yóò sì tún máa pe èrò. Discovery kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti balẹ̀, wọ́n á fà á lọ sínú gbọ̀ngàn àtúnṣe ní Kennedy Space Center ní Florida, wọ́n á sì fi pèpéle irin yí i ká débi pé èèyàn kò ní rí ìrísí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ ń sún mọ́ ọn máa ń wọ aṣọ tó bo gbogbo ara, torí epo tó ń lò lọ́hùn-ún láti yí ara rẹ̀ padà jẹ́ olóró. Wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Táyà tó gba ẹrù jù nígbà ìbalẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó. Rọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti já sínú òkun Atlantic lábẹ́ agbòòrùn ńlá, ọkọ̀ ojú omi á wọ́ wọn wálé, wọ́n á tú wọn, wọ́n á sì fi reluwé kó wọn lọ sí Utah kí wọ́n lè tún ki ẹ̀tù sínú wọn. Táǹkì ńlá aláwọ̀ ọsàn tó gbé epo kò padà wá rárá. Tuntun ni wọ́n ń ṣe fún ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan.

Táìlì ló wá gba iṣẹ́ jù. Ó lé ní 24,000 lára ọkọ̀ kan. Fọ́nrán tín-ín-rín tí wọ́n mú jáde láti inú iyanrìn ni wọ́n fi ṣe é, afẹ́fẹ́ sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, débi pé téèyàn bá gbé e lọ́wọ́, á dà bíi pé kò gbé nǹkan kan. Síbẹ̀ òun ló ń dúró láàárín ooru tó lè yọ́ irin àti ara ọkọ̀ tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí ni wọ́n gé e bá mu. Táìlì tó wà lábẹ́ imú kò ní wọ ibi tó wà lábẹ́ apá. Àtè ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọn kò fi ìṣó kàn án. Ohun mìíràn tún wà: táìlì náà ń fa omi. Oògùn tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kí òjò má baà wọ̀ ọ́ máa ń jóná dànù ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ á mú abẹ́rẹ́, á gún táìlì kan lóògùn, á bọ́ sórí èkejì, á bọ́ sórí ẹ̀kẹta, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fi máa tán.

Ìgbà tí wọ́n yára jù, Atlantis ni, ní ọdún 1985: ọjọ́ 54 ló wà láàárín ìgbéra rẹ̀ kan àti èkejì. Lẹ́yìn ìjàǹbá Challenger ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn kò tún gbìyànjú irú eré bẹ́ẹ̀ mọ́. NASA ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 450 dọ́là ni ìrìn àjò kan ń ná wọn. Téèyàn bá ṣírò gbogbo owó tí wọ́n ti ná láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń fi èyí sọ pé ètò náà kùnà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ń lò ní àlòtúnlò. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ọkọ̀ náà bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ, tí wọ́n mọ ibi tó máa ń dùn ún, àwọn ló ń jẹ́ kó tún lè lọ.

Ìrìn àjò Discovery gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń bú ramúramù nígbà tí kọ̀ǹpútà dá wọn dúró, ó ku bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kó gbéra. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹjọ ló tó lọ. Arìnrìn-àjò òfurufú kan, Judith Resnik, wà nínú rẹ̀, ìrìn àjò obìnrin náà àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ni Challenger, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1986. Òtútù ti mú kí rọ́bà tó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ le, iná gba ibẹ̀ jáde, ọkọ̀ náà sì fọ́ yángá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 73. Òun àti àwọn mẹ́fà yòókù ló bá a lọ.

Ó ju ọdún méjì àtààbọ̀ lọ kí NASA tó tún gbé èèyàn lọ sókè. Discovery ni wọ́n yàn. Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1988 ló gbéra tó sì padà wálé láìséwu. Nígbà tí Columbia tún túká lójú ọ̀run Texas ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2003, tí èèyàn méje mìíràn kú nítorí pé fóòmù kan já lára táǹkì tó sì lu apá òsì rẹ̀ nígbà ìgbéra, Discovery náà ni wọ́n tún pè. Eileen Collins ló wà á lọ ní oṣù keje ọdún 2005. Obìnrin yìí kan náà ló kọ́kọ́ jẹ́ obìnrin tó wà nídìí irú ọkọ̀ yìí, inú Discovery sì ni, ní ọdún 1995. Bernard Harris wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà náà, òun ni ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó jáde síta ọkọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú gbalasa òfurufú.

Ìrìn ọdún 2005 yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òkè, wọ́n ya fọ́tò abẹ́ ọkọ̀ láti ibùdó àgbáyé tó wà lójú òfurufú, wọ́n sì rí i pé aṣọ tín-ín-rín méjì tí wọ́n ń fi há àárín táìlì ti yọrí síta. Kò ju bí orí àtàǹpàkò ṣe gùn lọ. Ṣùgbọ́n ìyọrí kékeré bẹ́ẹ̀ lè da afẹ́fẹ́ rú nígbà ìsọ̀kalẹ̀ kí ooru sì pọ̀ sí i níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Columbia sì ṣì wà lọ́kàn gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó ti lọ sábẹ́ ọkọ̀ náà lọ́hùn-ún rí. Wọ́n gbé Stephen Robinson sórí apá ẹ̀rọ gígùn kan, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀, àwọn táìlì dúdú lókè orí rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe jẹ́ kí àṣíborí rẹ̀ kan táìlì kankan. Ó na ìka méjì, ó fa àkọ́kọ́, ó jáde. Ó fa èkejì, òun náà jáde. Kò lo ayùn tí wọ́n fún un. Ọwọ́ lásán ni.

Iṣẹ́ ńlá náà pọ̀. Discovery ló gbé awò Hubble lọ sókè ní oṣù kẹrin ọdún 1990, èyí tí wọ́n ṣì ń fi wo àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà. Ó gbé John Glenn, ọmọ ọdún 77, ní 1998. Ó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ibùdó àgbáyé. Ìyọnu náà kò sì mọ níwọ̀n. Ní 1985, táyà rẹ̀ kan bẹ́ nígbà tó ń balẹ̀ ní Florida. Ní 1995, àwọn ẹyẹ akókó bà lé táǹkì rẹ̀ níbi ìgbéra, wọ́n rò pé igi ni, wọ́n sì fi ẹnu gbẹ́ bíi 200 ihò sára fóòmù rẹ̀. Wọ́n ní láti dá ọkọ̀ padà sínú ilé, kí wọ́n dí ihò, lẹ́yìn náà wọ́n gbé òwìwí oníke síbẹ̀ láti máa lé àwọn ẹyẹ náà. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa náà sì ní ipa níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pápákọ̀ òfurufú Banjul ní Gambia wà lára ibi tí NASA pèsè sílẹ̀ pé tí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́yìn ìgbéra, kí ọkọ̀ náà ré òkun kọjá kó sì wá balẹ̀ síbẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀, a dúpẹ́.

Kì í ṣe ogbó ara ló mú un fẹ̀yìn tì. Ìpinnu ìjọba ni. Lẹ́yìn ikú àwọn méje inú Columbia, Ààrẹ George W. Bush kéde ní oṣù kìíní ọdún 2004 pé kí wọ́n fi àwọn ọkọ̀ tó kù parí ibùdó àgbáyé, kí wọ́n sì dá wọn dúró. Discovery balẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2011. Tí wọ́n bá ro gbogbo ọjọ́ tó lò lọ́hùn-ún pọ̀, ọjọ́ 365 ló jẹ́, ọdún kan géérégé. Ó ti yí ayé po ju ìgbà 5,800 lọ.

Ìfẹ̀yìntì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà jẹ́ iṣẹ́. Wọ́n fọ epo olóró kúrò nínú iṣan rẹ̀, àwọn ẹ̀yà kan ní láti lọ dé New Mexico fún ìyẹn. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, NASA sì fi wọ́n pamọ́ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní Chantilly báyìí, àwòṣe ni. Mẹ́rin nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí irú ọkọ̀ yìí ti lò rí ni wọ́n fi rán Artemis I lọ sí òṣùpá ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Wọn kò padà wá. Ohun tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ìrìn dé ìrìn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun náà lò wọ́n.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2012 ni Boeing 747 kan gbé Discovery sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, ó sì gbé e fò yí Washington ká kó tó gbé e balẹ̀ sí Dulles. Àwọn òṣìṣẹ́ jáde sórí òrùlé láti wò ó. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ńlá méjì ni wọ́n fi gbé e sọ̀kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Atlantis dúró ní Florida, Endeavour lọ sí Los Angeles, Enterprise tí wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dé gbalasa òfurufú rí lọ sí New York.

Houston kò rí kankan gbà. Mo gbà pé ó dùn wọ́n, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Houston ni wọ́n ti ń darí gbogbo ìrìn àjò náà, ibẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni ilé wọn wà, ibẹ̀ ni ìdílé àwọn mẹ́rìnlá tó kú ti ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó pín wọn ní 2011 ni Charles Bolden, olórí NASA nígbà náà, tóun fúnra rẹ̀ wà nídìí Discovery nígbà tó gbé Hubble lọ. Àwọn ará Texas sọ pé òṣèlú ló wà nínú ìpín náà. Ọ̀gá ayẹ̀wéwò NASA yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún yẹn, ó ní òun kò rí ẹ̀rí fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn Houston kò dáhùn ìbéèrè kan: báwo ni wọ́n ṣe máa gbé e? Boeing 747 méjì ló wà fún iṣẹ́ náà, méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, ìkan wà ní California, èkejì wà ní Houston fúnra rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ohun ìwòran. Àwọn gbọ̀ngàn àtúnṣe ní Florida ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tó mọ ọkọ̀ náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 2011. Discovery gùn ní mítà 37, apá rẹ̀ fẹ̀ ní bíi mítà 24. Nígbà tí wọ́n gbé Endeavour gba ìgboro Los Angeles kọjá ní 2012, kìlómítà 19 péré, bíi 400 igi ni wọ́n gé lulẹ̀. Smithsonian sọ fún àwọn aṣòfin pé òun àti NASA ti ṣírò rẹ̀: ìgbé nìkan yóò tó mílíọ̀nù 120 sí 150 dọ́là, láìka ilé tí wọ́n máa kọ́, wọ́n sì ní láti tú ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ dé ìwọ̀n kan. Àwọn tó fẹ́ kó lọ sọ pé owó náà kò tó bẹ́ẹ̀. Smithsonian tún ní NASA ti gbé gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé òun lọ́wọ́ ní 2012, pé kì í ṣe dúkìá tí ìjọba lè pàṣẹ lé lórí. Sẹ́nétọ̀ Mark Kelly, tó ti wà nídìí Discovery ní 2006, tó sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní 2008, wà lára àwọn tó kọ̀wé pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹlòmíì lè ní wọ́n kúkú ń tú u tẹ́lẹ̀, kí ló wá burú nínú kí wọ́n tún un tú? Ohun tí wọ́n ń tú nígbà náà ni ohun tí wọ́n ṣe fún títú: ẹ́ńjìnnì, táyà, àwọn àpótí epo. Apá rẹ̀ kò sí lára wọn. Táìlì bo orí oríkèé apá àti ara, àtè ló sì mú un. Ẹni tó bá fẹ́ gé apá yẹn máa fọ́ táìlì, àwọn tó ti ṣì bí eérú yẹn gan-an, èyí tó ti lọ tó sì ti bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.  Wọ́n lè kun òmíràn lọ́dà dúdú, kí wọ́n tò ó síbẹ̀, kí ojú má sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ èyí tó dé ọ̀hún.

Nígbà tí ọdún 2025 fi parí, Discovery kò tíì kúrò ní Chantilly. Ọkọ̀ 747 tó gbé e wá sí Dulles ní ọjọ́sí ni èyí tó wà ní Houston. Wọ́n tú òun náà sí wẹ́wẹ́ ní 2014 kí wọ́n tó lè gbé e gba ojú títì dé ibi ìwòran, wọ́n sì tún un tò. Àwòṣe ọkọ̀ òfurufú kan, Independence, tí kò fò rí, ló wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí.